Olólùfẹ́ Tí Ó Di Aninilára

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ kan, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ti ilé-ìwé dé sí Kàbà. Ilé-ìwé girama tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sùn inú ọgbà ni ó wà, èyí tí tọmọdé-tàgbà ń pè ní bọ́dìn. A rí i pé ó ń tiro. Bàbá rẹ̀ bi í léèrè ohun tí ó ṣe é ní ẹsẹ̀. Ọmọ náà kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tí ó máa fọhùn, ó ní, ‘Àwọn sínìọ̀ ni wọ́n máa ń fìyà jẹ mí, sà.’ Kíá ni bàbá rẹ̀ dáhùn pé, ‘Kí ni o ṣe fún wọn?’ Ọmọ náà ní òun kò ṣe nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ kò gbà. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í déédéé fìyà jẹ ènìyàn láìnídìí. Ìgbà yìí ni ọmọ náà yí èdè padà, tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé wọ́n ń ‘bully’ òun ni. Àbúrò mi yíjú sí mi, ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni ẹ ń fi Yorùbá jẹun. Kí ni ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́ gan-an?’ Mo ní kí ó fún mi láàyè kí n rò ó wò. Ìyá wa, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kò dúró de ìtumọ̀ kankan. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó ní, ‘Okun o. Okun, ọmọ mi.’

Ìdáhùn tí mo jẹ àbúrò mi ní gbèsè lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ san níhìn-ín.

Bí a bá fi ara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní yàrá yẹn, a ó rí i pé kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ ni ó mú kí bàbá béèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà lò ni ó fa ìbéèrè náà yọ. Nínú èdè wa, ìyà àti ẹ̀ṣẹ̀ jọ ń rìn ni. Adájọ́ a máa fìyà jẹ ọ̀daràn. Òbí a máa fìyà jẹ ọmọ aláìgbọràn. Olùkọ́ a máa fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pẹ́ dé. Lóòótọ́, a tún máa ń sọ pé ìyà ń jẹ opó tàbí ọmọ òrukàn tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí a bá ti dárúkọ ẹni tí ó fìyà jẹ ẹlòmíràn, ọkàn olùgbọ́ a máa wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó bá sọ pé wọ́n fìyà jẹ òun ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí ó ń dà á láàmú di adájọ́, ó sì ti sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́jọ́. Ìdí nìyí tí ó fi sá lọ bá èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó wá orúkọ fún àlejò yìí nínú èdè wa, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí ó ti wá.

Lónìí, ohun tí ‘bully’ túmọ̀ sí kò fara sin. Ẹni tí ó ní agbára ju ẹlòmíràn lọ ni, tí ó sì ń lo agbára náà láti fi dẹ́rù bà á tàbí láti fi pa á lára. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún 1530 sí 1540, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ fara hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, olólùfẹ́ ni ó ń jẹ́. Ọkùnrin lè fi pe obìnrin, obìnrin sì lè fi pe ọkùnrin, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pe ènìyàn ní àyànfẹ́ mi tàbí ọkàn mi. Èrò àwọn onímọ̀ nípa ìtàn ọ̀rọ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èdè àwọn ará Hólándì ayé àtijọ́ ni ó ti wá, níbi tí ‘boele’ ti túmọ̀ sí olólùfẹ́, tí ó sì tún lè túmọ̀ sí arákùnrin. Àwọn ará Jámánì ní ìbátan rẹ̀, ‘Buhle’, tí òun náà ń jẹ́ olólùfẹ́.

Ní òpin ọ̀rúndún 16, ọ̀rọ̀ dáradára ni ó ṣì jẹ́. Nínú eré Shakespeare tí ó ń jẹ́ ‘A Midsummer Night's Dream’, òun ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi pe Bottom ahunṣọ, ọ̀rẹ́ wọn, pẹ̀lú ìfẹ́ àti ìyìn. Nínú ‘Henry V’, ọmọ ogun kan fi yin ọba. Láti orí olólùfẹ́ ni ó ti bọ́ sí orí ọ̀rẹ́ àtàtà. Láti orí ọ̀rẹ́ àtàtà ni ó ti bọ́ sí orí ẹni tí ń fọ́nnu, tí ń fi agbára ṣe fáàrí. Nígbà tí ọ̀rúndún 17 fi máa parí, ó ti di orúkọ ẹni tí ń halẹ̀ mọ́ aláìlágbára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 18, wọ́n tún ń fi pe ọkùnrin tí ń dáàbò bo aṣẹ́wó tí ó sì ń jẹ nínú owó rẹ̀. Ìtumọ̀ rere náà kò kú tán nígbà náà. Theodore Roosevelt, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1901 sí 1909, ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yìí yin ohun tí ó bá dára lójú rẹ̀, ó sì lò ó fún ipò ààrẹ, tí ó fi wé àga ìwàásù tí kò lẹ́gbẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé akọ màlúù, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘bull’, ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ìró orúkọ ẹranko náà ti ran ìtumọ̀ tuntun lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran inú agolo tí àwọn ọmọ ogun ń jẹ, ‘bully beef’, kò bá a tan rárá. Inú èdè Faransé ni ìyẹn ti wá, ẹran bíbọ̀ ni ó ń jẹ́. Ìró lè jọra kí ìdílé má jọra.

Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé olólùfẹ́ di ẹni ìbẹ̀rù. Bí a bá wo ilé tiwa, ìyàlẹ́nu náà yóò dínkù. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbátan tí ó kún fún ọ̀wọ̀ àti ìfẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń mú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ dání lọ sí odò. Síbẹ̀, ní ìgboro Èkó lóde òní, bí wọ́n bá pe ẹnì kan ní ‘ẹ̀gbọ́n àdúgbò’, kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan ni ó máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù lè wà níbẹ̀, owó tí a gbọ́dọ̀ san kí a tó kọjá sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní bọ́dìn ẹ̀wẹ̀, ọmọ tuntun a máa ní ‘school father’, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí yóò jẹ́ bàbá fún un nínú ọgbà. Ọmọ náà yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, yóò máa pọn omi fún un, yóò sì máa bù fún un nínú gààrí àti mílíìkì tí ìyá rẹ̀ dì fún un láti ilé. Àwọn kan ṣe bàbá lóòótọ́. Mo mọ èyí tí ó jókòó ti ọmọ kan lálaalẹ́, tí ó kọ́ ọ ní ìṣirò títí ó fi yege. Ṣùgbọ́n ààlà tí ó wà láàrin aláàbò àti aninilára kò fẹ̀. Ẹni tí ó ń gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn yòókù mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun kò bá gbà ọ́ sílẹ̀ mọ́, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n.

Èmi náà gbé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan wà níbẹ̀ tí kì í pè mí ní orúkọ mi. ‘Ọmọ mi’ ni ó máa ń pè mí. Bí ó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá kú, mo mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ni, n kò sì ní dìde títí oorun yóò fi gbé e lọ. Títí di òní, bí àgbàlagbà tí n kò mọ̀ rí bá pè mí ní ‘ọmọ mi’ lójú pópó, àyà mi a kọ́kọ́ já ná kí n tó rántí pé ìkíni lásán ni. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn ọ̀rọ̀ ‘bully’ yìí, kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà, láti orí ìfẹ́ dé orí ìdáàbòbò, láti orí ìdáàbòbò dé orí ìfipágbà, ni ìwà náà fúnra rẹ̀ ń gbà nínú yàrá àwọn ọmọ. Orúkọ rere ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni, wọ́n ní eré ni, wọ́n ní à ń fẹ́ kí ó gbọ́n ni.

Ètò ilé-ìwé náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Thomas Arnold, tí ó jẹ́ olórí ilé-ìwé Rugby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1828 sí 1842, gbé àṣẹ púpọ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà lọ́wọ́ láti máa ṣàkóso àwọn kékeré. Thomas Hughes, tí ó kàwé níbẹ̀, kọ ìtàn àròsọ kan tí ó jáde ní 1857, ‘Tom Brown's School Days’. Nínú rẹ̀ ni Flashman wà, ọmọ ńlá tí ń fi ayé ni àwọn ọmọ kékeré lára, tí orúkọ rẹ̀ sì di àpẹẹrẹ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ó dá ètò náà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì kọ ìwé tí ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwa gba ètò náà wọlé, sínìọ̀ àti júníọ̀, pẹ̀lú agogo àti ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò wá ọ̀rọ̀ tí àwa náà yóò fi dá a lẹ́jọ́. A ní kí ìyà máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo wá ni ó yẹ? Kí a lè mọ èyí tí a ó yàn, ó dára kí a mọ ohun tí à ń fún lórúkọ. Dan Olweus, ọmọ Súwídìn tí ó ṣiṣẹ́ ní Nọ́wè, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣèwádìí ìwà yìí. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde ní 1973. Lẹ́yìn tí ọmọkùnrin mẹ́ta gba ẹ̀mí ara wọn ní Nọ́wè ní ọdún 1982, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1983 láti gbógun tì í ní gbogbo ilé-ìwé. Àmì mẹ́ta ni Olweus fi ń dá ìwà náà mọ̀. Èkíní, a mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Èkejì, ó ń wáyé lemọ́lemọ́. Ẹ̀kẹta, agbára àwọn méjèèjì kò dọ́gba, débi pé ẹni tí à ń ṣe é fún kò lè gba ara rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí à ń ṣe é fún nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àmì wọ̀nyí yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wa wò. ‘Yọ lẹ́nu’ fúyẹ́ jù. Eṣinṣin náà a máa yọ ènìyàn lẹ́nu. ‘Wàhálà’ àti ‘fìtínà’ gbòòrò jù, àlejò sì ni àwọn méjèèjì. Láti ọ̀dọ̀ Hausa ni wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa, láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n sì ti ṣẹ̀. Ìtàn fìtínà tilẹ̀ fara jọ ti àlejò wa: ohun tí gbòǹgbò rẹ̀ sọ ní èdè Lárúbáwá ni fífi wúrà sínú iná láti fi dán an wò, kí ó tó di ìdánwò, kí ó tó di ìjà àti ìdàrúdàpọ̀. ‘Dúnkookò mọ́ni’ lágbára gan-an, etí wa sì máa ń gbọ́ orúkọ ìkookò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìhàlẹ̀ nìkan ni ó kó, kò kan ọwọ́ tí ó balẹ̀ lára. ‘Fínràn’ sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ẹni tí ó fín ẹgbẹ́ rẹ̀ níràn lè pàdé ìjà gidi. Kò sọ pé agbára kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwa Yorùbá ti ní tipẹ́, ‘ìnilára’. Ẹni tí ó bá sọ pé nǹkan ni òun lára, ìwúwo ni ó ń sọ. Ẹrù ni, ó wà lára ẹni tí ó rù ú, kò sì tètè kúrò. Òkè ni ohun tí ó wúwo wà, ìsàlẹ̀ ni ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ wà. Nítorí náà àìdọ́gba agbára ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí a tó ṣàlàyé. Ìnilára kì í sì í béèrè ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ pé ọba kan ń ni àwọn ará ìlú lára kí ó wá béèrè ohun tí àwọn ará ìlú ṣe fún un. Bíbélì Yorùbá, tí a tẹ odindi rẹ̀ jáde ní 1884, lò ó fún ìwà àwọn alágbára sí aláìní, láti ìgbà náà ni ó sì ti di ọ̀rọ̀ àwọn oníwàásù àti àwọn olóṣèlú. Àbá tí mo ń dá ni pé kí a mú un sọ̀kalẹ̀ láti ààfin wá sí yàrá àwọn ọmọ. Kí aninilára jẹ́ orúkọ ọmọ ọdún 16 tí ó ń gba oúnjẹ ọmọ ọdún 11, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ orúkọ ọba burúkú.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni mò ń fà. Rárá o. Òfin ilẹ̀ wa ti 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà lo ‘bully’ gan-an nínú abala 24 rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 náà sọ nínú abala 11 pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà tí ń bu iyì ènìyàn kù jẹ ọmọ kankan, yálà ní ara tàbí ní ọkàn. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé kọ́ọ̀tù, tí ìyá ọmọ kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni yóò yan ọ̀rọ̀ tí ìyá náà yóò gbọ́. Bí ó bá yan ìyà, ìyá náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ, àbúrò mi sì ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà: ìyà ni ó ń kọ́ni lọ́gbọ́n, àwa náà jẹ ẹ́, a kò kú. N kò lòdì sí ìbáwí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó fi ìbáwí lélẹ̀ fi ààlà sí i. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni ó para pọ̀ di ìbáwí. Ẹ wo ọwọ́ aninilára lóru, ẹ kò ní rí ọ̀tún níbẹ̀. Ní ti pé a kò kú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa fi ìwé sílẹ̀, àwọn kan sì dàgbà tán, wọ́n di sínìọ̀, wọ́n ṣe é fún ẹlòmíràn. Àwa tí a ṣẹ́kù ni à ń sọ pé kò ṣe wá ní nǹkan kan.

Ó yẹ kí ó jẹ́ àwa ará ilẹ̀ Okun ni yóò kọ́kọ́ mọ ohun tí ìnilára jẹ́. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà wọ ilẹ̀ wa léraléra. Wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n gba ìṣákọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú sì gun orí òkè lọ láti sá fún wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company dé Kàbà, kí wọ́n tó lọ ṣẹ́gun Bídà nínú oṣù kan náà. Alágbára kan ni ó lé alágbára kejì, ìgbà mìíràn sì bẹ̀rẹ̀. N kò sọ èyí láti fi tanná ran ìjà àtijọ́. Àwa àti Tápà ti jọ ń náwó ọjà kan náà tipẹ́tipẹ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Kàbà, ní Ìjùmú tàbí ní Ìyàgbà sọ ìtàn ogun yẹn tán kí olùgbọ́ rẹ̀ wá béèrè pé, ‘Kí ni àwọn bàbá yín ṣe fún wọn?’ Ìbéèrè tí a kò jẹ́ bi àwọn baba ńlá wa ni à ń bi àwọn ọmọ wa.

Orúkọ tí à ń jẹ́ pàápàá ní ohun tí ó ń sọ. Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, Okun ni orúkọ tí ó pa gbogbo wa pọ̀, ìkíni wa ni wọ́n sì fi ń pè wá. A ń fi kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, a ń fi kí ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀, a ń fi kí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kọ. Agbára ni okun ń jẹ́, ẹni tí ó bá sì kí ọ bẹ́ẹ̀, agbára ni ó ń bù fún ọ. Ìyá wa kò mọ ìtàn ‘bully’, kò sì ka Olweus. Ohun tí ó ṣe ni pé ó rí ọmọ tí wọ́n gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti dá a padà fún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe àbúrò mi sí ìta. Mo sọ fún un pé ìtumọ̀ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ ni pé wọ́n ń ni ín lára. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Kò bi ọmọ náà ní ohun tí ó ṣe mọ́. Ó ní, ‘Ta ni wọ́n? Láti ìgbà wo ni?’